Há Há Àlàájì Lọ́fun

Ẹ bá mi kí Yorùbá tó wà ní Baga Road, ní Maiduguri, tó ní òun fẹ́ mọ kéú dandan. Ọjà ẹja ló gbé e débẹ̀. Láàárọ̀, á máa di ẹja gbígbẹ tó ti Adágún Chad wá ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀ n'Íbàdàn. Tílẹ̀ bá ṣú, á gbé wàláà lé itan níwájú máálámù Kànúrí. Irùngbọ̀n eléja wa ti funfun. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ò tíì pààrọ̀ eyín.

Álífù, kò sí wàhálà. Bá, tá, ọkùnrin wa ti ń jupá jusẹ̀. Ó dé orí thá, ó di “sá”. Ó dé orí zá, “sá”. Ó dé orí sọ́dì, “sá” náà ni. Goni ni máálámù yìí, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ní gbogbo Àlùkùránì lórí ní Borno, ó wá dẹni tó ń tọrọ thá kan ṣoṣo lọ́wọ́ eléja. Akẹ́kọ̀ọ́ ò mikàn, ó gbóhùn sókè: “Sá! Sá! Sá!” Yorùbá kan tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó sì sá lóòótọ́.

Áyìnì ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbé. A lọ wò ó níbẹ̀, a ò bá a nílé. Àfi lọ́jọ́ tí egungun ẹja há bàbá lọ́fun ni áyìnì jáde kedere, inú máálámù dùn débi tó ní kẹ́nikẹ́ni má tíì yọ egungun yẹn, kí wọ́n jọ ka súrà náà parí ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, orúkọ yín ńkọ́? Hassan délé wa, ó di Àsánì. Habib di Àbíbù, Hamid di Àmídù. Àlàájì fúnra rẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó tó rówó Mẹ́kà san, ó ra tẹ̀sùbáà, ó ra kẹ́tùlù, ó pọn omi Zamzam bọ̀, kò rántí ra lẹ́tà há ẹyọ kan kún un.

Ẹni tó ti kọ́ díẹ̀ ní Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori kó wá sí Agége ní 1955, tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé fá ní àmì róbótó kan lórí, qáfù ní méjì. Kó wá wo ìkọ̀wé àtijọ́ ti Borno, èyí tó bá kíkà Àlùkùránì ti Warsh gba aginjù kọjá wá: abẹ́ ni àmì fá wà, ti orí qáfù ò sì ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo fá tó rí, qáfù ni. Ó ní wọ́n ti jí òun ní àmì kan, òun ń lọ sí tésàn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi àwọn Lárúbáwá ní tiwa náà. Lẹ́tà 28 ni Lárúbáwá ní, wọn ò sì ráyè fún gb nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pe “Ògbómọ̀ṣọ́” kẹ́ ẹ wòran.

Kí n tún tú àṣírí kan. Lẹ́tà dáàdì ni Lárúbáwá fi ń yangàn jù, “èdè dáàdì” ni wọ́n ń pe èdè wọn. Ọ̀rọ̀ wọn tó ń jẹ́ al-qadi, tí dáàdì wà nínú rẹ̀, dọ́dọ̀ Haúsá, ó di alkali. Ó dọ́dọ̀ wa, ó di alùkáálì. Àwọn ọ̀mọ̀wé bú sẹ́rìn-ín: ta ló sọ dáàdì di l? Sibawayh ni kẹ́ ẹ bi! Ọmọ Páṣíà ni, òun ló kọ ìwé gírámà Lárúbáwá tó lókìkí jù ní ọ̀rúndún 8, ó sì ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni dáàdì ti ń jáde, níbi tó ti kan eyín tá a fi ń rún ẹran. Ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ahọ́n náà ni l ń gbà? Ará Cairo tó sọ ọ́ di d oníwúwo ló yẹ kó wá jókòó ti máálámù ní Baga Road.

Alùkáálì ti dájọ́: lórí dáàdì, Yorùbá jàre. Lórí lẹ́tà yòókù, ẹ lọ ra wàláà.