Ìlà Márùn-ún Tó Dójú Tì Mí

Àmì kan máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin, ó ká kò bí ìkarawun ìgbín. Ọ̀ṣọ́ ni mo kà á sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ní dọ́ọ̀tì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀ṣọ́ náà ni. Sol-fa ni wọ́n fi kọ́ wa ní kọáyà, bíi ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá, sol-fa kì í sì í lo irú àmì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní clef. Nígbà tí ìwé pẹlẹbẹ kan wá kọ́ mi pé àlàfo mẹ́rin àárín ìlà márùn-ún ń jẹ́ F, A, C, E láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo gbà pé mo ti kẹ́kọ̀ọ́ yege.

Lọ́jọ́ Àjíǹde kan, atẹdùùrù kò wá. Kọáyà másítà ń wojú kiri. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, sà, mo lè tẹ̀ ẹ́.”

C ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tẹ E àti C bó ṣe yẹ. Ọwọ́ òsì ló tú mi fó: C àti G ìsàlẹ̀, A àti E ni mo pè wọ́n, mo sì lọ wá wọn lókè, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti wà. Ìka wọnú ìka, apá gun orí apá. Èyí tó burú jù ni pé kò dún bí àṣìṣe. A, C àti E pa pọ̀, A minor nìyẹn, orin ìsìnkú gidi. Ìyá Ìjọ bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó kú.

Ìlà kò lórúkọ tirẹ̀, clef ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Guido ará Arezzo, mọ́ńkì kan ní Ítálì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ló gbajúmọ̀ fún fífi àwọ̀ kun ìlà orin: pupa fún F, ìyeyè fún C. Wọ́n tún ń kọ lẹ́tà síwájú ìlà. Bí àwọn adàwékọ ṣe ń fọwọ́ dárà sí i, F di olódọ́ọ̀tì méjì, G sì di ìgbín mi yẹn. Ìlà kejì, ìyẹn ìlà G, ni ìgbín náà lọ́ mọ́. Dọ́ọ̀tì méjì sì há ìlà F sáàárín.

Kí ló dé tí ẹyọ kan kò tó? Ẹ wo C tó rẹlẹ̀ jù lórí cello. Bí a bá fi clef G kọ ọ́, ìlà kéékèèké mẹ́jọ la ó fà sísàlẹ̀ ká tó débẹ̀. Ta ni yóò dúró kà á nígbà tí orin ń sáré lọ? Pẹ̀lú clef F, méjì péré ni.

Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ni wọ́n bá ní kí n fi dùùrù dípò viola nínú ìdánrawò kan. Àmì tó wà níwájú ìwé náà jọ 3 tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá. Kì í ṣe F, nítorí náà mo fi G kà á. Clef C ni! Ohùn viola kò ga tó ti violin, kò sì rẹlẹ̀ tó ti cello, ìdí nìyẹn tí ìlà àárín rẹ̀ fi ń jẹ́ C àárín dùùrù. Èmi ń pè é ní B. Nígbà tí olórí wa dá orin dúró, mo ní atẹ̀wé ló ṣàṣìṣe.

Ó bi mí bóyá atẹ̀wé náà ló ṣe ti Bach, tó ń kọ clef C fún sopranò, altò àti tenò, tó kàn ń gbé e láti ìlà kìíní sí ìkẹta sí ìkẹrin.

Tenò òde òní ti bọ́ nínú ìyẹn. Clef G tó ní 8 kékeré nísàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ fún un, kó lè mọ̀ pé octave kan sísàlẹ̀ ni kóun ti kọ ọ́. Ìdí tenò ni wọ́n dá mi padà sí.