Ẹ Ya Fọ́tò, Iṣan Ya, Àpò Náà Ya

Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Apòòwé-Lábíyá, ẹ mọ ara yín. Èjìká ti ń ro yín láti ìgbà ọdún Iléyá, ẹ ò lè ká apá agbádá sí èjìká mọ́ àfi bí ìyàwó bá bá yín tì í sókè. Ṣùgbọ́n kí onífújì ṣáà pe orúkọ bàbá yín, kíá ni apá kan náà á ti fò sókè, á máa lẹ owó mọ́ ọkùnrin náà níwájú orí. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó tún forí lé ilé ìwòsàn pẹ̀lú apòòwé ńlá lábíyá. Dókítà á ní, "Bàbá, níbo ló ń dùn yín?" Ẹ ó na apòòwé sí i: "Dókítà, ó wà nínú fọ́tò."

Ó wà nínú fọ́tò! Ìrora ti kó kúrò léjìká nìyẹn, ó ti lọ gbayàrá sínú apòòwé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rò pé nítorí oge nìkan ni gèlè àwésílẹ̀, èyí tí wọ́n kàn ń dé bíi fìlà, ṣe gbòde? Èjìká wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ kàn ń ṣojú ayé ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn, ká wá sọ́dọ̀ Dókítà Onírúlà. Egungun kan wà lókè èjìká tó ń jẹ́ acromion, òun ni òrùlé. Abẹ́ rẹ̀ ni orí egungun apá wà, àlàfo kan sì wà láàárín àwọn méjèèjì tí iṣan ń gbà kọjá. Nínú fọ́tò ẹ́síréè, àlàfo ẹni tára rẹ̀ dá máa ń wà láàárín mìlímítà 7 sí 14. Bó bá ti wálẹ̀ ju 7 lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fu dókítà pé iṣan ti já. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dókítà kékeré á tẹ ibì kan lójú kọ̀ǹpútà, á tẹ ibòmíì, kọ̀ǹpútà á ní 7.2. Ọ̀gá rẹ̀ á wọlé, á gbé awò ojú wálẹ̀ sórí imú, òun náà á tẹ̀ ẹ́: 6.6. Ìyàtọ̀ àárín wọn ò nípọn ju èékánná lọ, síbẹ̀ òun ló mú Alhaji tó ni fọ́tò náà kúrò ní "ara yín le" bọ́ sí "ẹ lọ wá owó".

Ta ló jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. Alhaji gan-an ni kò dúró jẹ́ẹ́. Bó bá fara yí díẹ̀, bó bá yí ọwọ́ sínú, bí ẹ̀rọ bá gbórí sókè ju bó ṣe yẹ lọ, àlàfo á fẹ̀ tàbí kó fún. Yàtọ̀ síyẹn, ìdúró ni wọ́n sábà máa ń ya ẹ́síréè èjìká, ìdùbúlẹ̀ sì ni wọ́n ń ya ti MRI. Òrùlé tó wà lórí ẹni tó dúró àtèyí tó wà lórí ẹni tó nà gbalaja, ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ kí iye wọn bára mu géérégé!

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1986. Ọ̀gbẹ́ni Louis Bigliani àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín òrùlé yìí sí oríṣi mẹ́ta: Pẹlẹbẹ, Títẹ̀, àti Oníwọ̀, èyí tó kọdọrọ bí ìwọ̀ apẹja. Wọ́n ní Oníwọ̀ yìí ni iṣan rẹ̀ máa ń já jù. Gbogbo ayé kí wọn kú iṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn kan kó fọ́tò kan náà fún àwọn ògbógi pé kí wọ́n sọ oríṣi tó jẹ́. Lágbájá ní Títẹ̀ ni. Làkáṣègbè ní irọ́ ni, Oníwọ̀ ni. Wọ́n tún da fọ́tò náà padà fún Lágbájá lẹ́yìn àkókò díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ní Pẹlẹbẹ ni! Ìwọ̀ ò mọ olówó rẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ̀ pé ọmọ aráyé lè ṣèèṣì gbà fúnra wọn. Ẹ di ojú awakọ̀ méjì tó ń jà nítorí èrò, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ bó bá ṣe bọ́ sí wọn lẹ́nu. Wọ́n á fẹnu kò ní bí ìdajì ìgbà, láìjẹ́ pé ìjà parí. Ìdí nìyẹn tí Jacob Cohen fi gbé ìṣirò kan tó ń jẹ́ kappa jáde ní 1960, èyí tó máa ń yọ èèṣì kúrò kó tó gbóríyìn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé kappa lé àwọn ògbógi Pẹlẹbẹ-Títẹ̀-Oníwọ̀ lórí, kò rí oríyìn gidi fi fún wọn.

Kí n má pa irọ́ mọ́ wọn o, àwọn ìwọ̀n kan wà tó ṣeé fọkàn tán jùyẹn lọ. Ní 2013, Moor àtàwọn ará Zürich ní Siwisalandi gbé igun èjìká kan jáde: bó bá ju dígírì 35 lọ, wọ́n sábà máa ń bá iṣan jíjá pàdé, bó bá dín sí 30, oríkèé ló sábà máa ń jẹ. Bí fọ́tò bá gún régé, dókítà méjì lè wọn igun yìí kí iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì lè gbà pé nọ́ńbà 35 ni ilé náà, kí wọ́n jọ lọ kanlẹ̀kùn, kó sì jẹ́ pé onílé ọ̀hún ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn onílé tí kò jẹ gbèsè. Ní 1995, Sher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ èèyàn 96 sínú ẹ̀rọ MRI, kò sí èyí tí èjìká ń dùn nínú wọn. Ìdá 34 nínú 100 ni iṣan wọn ti ya! Láàárín àwọn tó ti lé ní 60 ọdún, ìdá 54. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọn ò mọ̀ pé aláìsàn ni wọ́n. Ní 2011, Girish àtàwọn tiẹ̀ tún fi ẹ̀rọ ultrasound wo ọkùnrin 51, ẹni 40 sí 70 ọdún, tí èjìká wọn ò ro wọ́n rárá. Wọ́n rí nǹkan bá wí lára ìdá 96 nínú 100. Àwọn méjì tó mọ́ tónítóní yẹn ni mo ń wá, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n ń fi èjìká ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ ya fọ́tò, iṣan ya, àpò ya, ẹ wá ń bi mí pé kí ló ya mí lẹ́nu.

Nígbà tí fọ́tò ti dá òrùlé lẹ́bi, káfíńtà, ìyẹn oníṣẹ́ abẹ, dé. Láti 1972 tí Dókítà Neer ti kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń fá abẹ́ acromion kí iṣan lè ráyè mí. Àwọn ará Oxford wá kó aláìsàn 313 jọ láti ilé ìwòsàn 32 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2018. Wọ́n fá egungun àwọn kan. Wọ́n ki kámẹ́rà bọ èjìká àwọn kan láìfá nǹkan kan. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé ná. Àwọn tí wọ́n fá àtàwọn tí wọ́n kàn yọjú wò, ọgbọọgba ni ara tù wọ́n. Àwọn tó lọ sílé náà sàn díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi gbẹ́yìn kò tó nǹkan tí à ń pariwo.

Ẹ tún wo òdìkejì. Èjìká tó gan pa, tó fẹ́ràn àwọn alátọ̀gbẹ bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn ṣúgà: aláìsàn á ké tí aládùúgbò á fi jí, ẹ́síréè rẹ̀ á sì máa dán gbinrin. Bí dókítà ṣe ń mọ̀ ọ́n ò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ ká ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó yí ọwọ́ yín síta. Bí ọwọ́ ò bá lọ, tí dókítà fúnra rẹ̀ tì í tí kò lọ, tí ẹ́síréè ò sì rí ẹ̀sùn kankan kà sí oríkèé lẹ́sẹ̀, òun náà nìyẹn.

Onífọ́tò ò kúkú tàn yín jẹ. Ó sábà máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé àbájáde pé kí dókítà fi èyí wé ohun tó bá rí lára aláìsàn. Ìlà yẹn gan-an lẹ fi àtàńpàkò bò nígbà tẹ́ ẹ ń ya ìwé náà sórí WhatsApp ìdílé, tí àǹtí tó wà ní London, tó ń tọ́jú arúgbó, fi di dókítà egungun lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ bọ́ ẹ̀wù, kẹ́ ẹ gbé apá sókè níṣojú rẹ̀ ná. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣubú tí apá sì kọ̀ tí kò gbéra mọ́, tàbí tí èjìká wú tí ara ń gbóná, tàbí tí ìrora ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn tẹ́ ẹ sì ń rù, ẹ ju ìwé yìí sílẹ̀, ẹ sáré lọ bá dókítà lónìí. Kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú ìyẹn.