Kápítéènì Tí Kò Ní Ọkọ̀

Bí ẹ bá dé ibi ìnáwó ní Ore, tí ẹ rí bàbá kan lábẹ́ kánópì tó so awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lókèèrè mọ́ ọrùn, nígbà tó jẹ́ pé kúlà ìrẹsì ni ohun tó jìnnà sí i jù lọ, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Kápítéènì nìyẹn. Ẹ̀wù rẹ̀ ní àpò mẹ́sàn-án. Fìlà rẹ̀ ní okùn tí wọ́n ń so sábẹ́ àgbọ̀n kí atẹ́gùn òkun má bàa gbé e lọ. Atẹ́gùn òkun kò dé Ore; èyí tó ń fẹ́ níbẹ̀ ni ti lọ́ṣọ́ọ́rì bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ sí Benin.

Kò wa ọkọ̀ omi rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ló ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi fẹ̀yìntì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́: láàárọ̀, onímọ̀ ẹyẹ á bá wọn sọ̀rọ̀, lọ́sàn-án, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù kan, lálẹ́, wọ́n á gbọ́ ìtàn ibẹ̀ pẹ̀lú wáìnì lọ́wọ́. Mi ò bá ọkọ̀ náà jà o. Bí mo bá lówó rẹ̀, èmi gan-an á lọ. Àwọn bàbá wa tó wọ Aureol láti Apapa lọ sí Ìlú Ọba, láàárín 1951 sí 1974, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi, èébì nìkan sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rí kọ́ níbẹ̀.

Irú Kápítéènì pọ̀. Ẹnìkan wà ní Ondo tó jẹ́ pé Dubai ni tirẹ̀, òmíràn wà ní Okitipupa tí kò sọ̀rọ̀ méjì kó má dárúkọ Jerúsálẹ́mù. Tiwa yìí ló gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ti fi ọ̀rá bò ó. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú oòrùn, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn: á ṣàlàyé bí ìlà agbedeméjì ayé ṣe gba orí erékùṣù Rolas kọjá ní São Tomé, á dìde, á fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, á fi ìkejì sọ́hùn-ún, èèyàn á sì gbé abọ́ ẹ̀bà rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó dé Praia tí Darwin dé ní 1832. Ó dé Elmina tí àwọn Potogí kọ́ odi sí ní 1482. Láti Cotonou, ọkọ̀ kọrí sí Príncipe, ó fi gbogbo Nàìjíríà sápá òsì lóru, Kápítéènì sì ń hanrun.

Ọ̀rọ̀ kòkó ló dùn lẹ́nu rẹ̀ jù. Ní Príncipe, wọ́n kó wọn lọ sí oko kòkó ayé àtijọ́ kan. Afinimọ̀nà já èso kan, ó fi adá là á, ó fún oníkálùkù ní kóró kan kó pọ́n omi ara rẹ̀ lá. Àwọn òyìnbó pariwo pé ó dùn. Kápítéènì náà pariwo. Ohun tí kì í mẹ́nu bà ni pé oko kòkó bàbá rẹ̀ wà lọ́nà Odigbo, pé níbẹ̀ ló ti lá omi yẹn títí inú fi run ún, àti pé nítorí kó má bàa fọ́ kòkó mọ́ ló ṣe sá lọ sí Èkó. Ó wá ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ tó jókòó tì í. Ó ní láti Brazil ni kòkó ti wọ Príncipe ní nǹkan bí 1822, pé ipá ni wọ́n fi ń mú èèyàn láti Àǹgólà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, débi pé ní 1909 Cadbury ní òun ò ra kòkó wọn mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àgbẹ̀ kan bi í pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó níbẹ̀ kí wọ́n tó sá a. Kápítéènì wúkọ́. Ó ní wákàtí mẹ́ta péré ni ọkọ̀ fi dúró.

Ní ti ẹranko, àánú wọn ń ṣe é. Ó sunkún níbi tí ìjàpá òkun ti ń yé, ó sì dáwó fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tí a fi rí i lójú títì lẹ́bàá Omotosho, ó ń ná ẹtu. Tíṣà kan ní kó wá bá àwọn ọmọ iléèwé òun lọ wo igbó ọba Oluwa, tí kò jìnnà sí igbó Omo tí erin ṣì wà. Ó ní onímọ̀ wo ni yóò ṣàlàyé? Tíṣà ní ọdẹ ni. Ó bèèrè bóyá ọdẹ náà ní ìwé ẹ̀rí.

Ó kó ìtàn ìrìnàjò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

“Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé São Tomé ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fi bàálù kó oúnjẹ lọ sí Biafra, láti 1968 títí ogun fi parí ní 1970? Òru ni wọ́n ń fò lọ sí Uli. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló sọ ọ́ fún wa. Omi bọ́ lójú mi.”

“O ṣé, ọmọ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ṣé ó gbọ́ ti ibí?”

“Ibí bíi ti báwo, Màmá?”

Ìyá sọ pé ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n sì rọ́ dé Ore kí wọ́n tó dá wọn dúró. “Oko kòkó bàbá rẹ la sá sí. O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Kóró kòkó tútù ni ìyá rẹ ń fi sí ọ lẹ́nu kí o má bàa ké.”

Ó wú Kápítéènì lórí. Ó ní àwọn ará ọkọ̀ á gbádùn rẹ̀ gan-an, bí Màmá bá lè sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú fọ́tò.

Owó ìrìnàjò tó ń bọ̀ ti pé. Galápagos ni, níbi tí Darwin dé ní 1835. Éékà méjì ló tà lára oko bàbá rẹ̀ fún ẹnìkan tó fẹ́ kọ́ ilé epo. Ó bẹ ọkùnrin náà pé bí kátápílà bá dé, kó jọ̀ọ́ fi igi kòkó kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páǹpù, kí òun lè máa dúró tì í ya fọ́tò fún àwọn ẹgbẹ́ òun. Ọkùnrin náà gbà. Ó ní ṣùgbọ́n Bàbá á máa san owó ìwọlé.