Ẹni Tó Na Obama

Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì fẹ̀yìn Barack Obama gbálẹ̀ nínú ìbò: Bobby Rush, aṣòfin Chicago. Lọ́dún 1999, Rush fìdí rẹmi nínú ìbò olórí ìlú, ni Obama bá rò pé ọ̀nà ti là. Ó gbégbá ìbò abẹ́lé láti gba àga Rush nílé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Wọ́n wádìí lẹ́nu aráàlú: nínú èèyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án mọ Rush, ẹnì kan péré ló mọ Obama. Bóyá àna rẹ̀ lonítọ̀hún.

Nígbà Kérésì, Obama lọ kí ìyá-ìyá rẹ̀ ní Hawaii. Ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, kò lè tètè padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìbò lórí òfin ìbọn nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí òun náà ti jẹ́ aṣòfin. Àìsàn lóun rí. Etíkun làwọn oníwèé ìròyìn rí.

Oṣù kẹta ọdún 2000, Rush kó ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Obama he 30. Nígbà tó ya, ó lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní Los Angeles, ó fẹ́ háyà mọ́tò, káàdì báńkì rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ọdún 2008 ni wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ. Rush jókòó pa sórí àga rẹ̀ títí di 2023. Ẹ ní kó ka iṣẹ́ ribiribi tó ṣe láyé; ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó máa ṣáájú.