Ojú Tó Tàárọ̀ Ṣepin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rẹ́ àti iṣẹ́ tí ènìyàn gbójú lé ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ, wọn kò sì mọ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí wọn yóò máa ta ojú fúnra rẹ̀ lórí àtẹ, tí wọn yóò dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú wáyà, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike ìdalẹ̀nù. Ojú títà yìí ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun èlò kékeré tó ń mọ ooru, ìmọ́lẹ̀, ọ̀rinrin tàbí bí nǹkan ṣe jìnnà tó, tó sì ń sọ ohun tó mọ̀ di iná mànàmáná tó ṣeé wọ̀n. Ọpọlọ tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni microcontroller, kọ̀ǹpútà kóńkóló tí gbogbo ara rẹ̀ wà nínú ṣíìpù kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ lọ, tí yóò sì máa ṣe é lásetúnṣe títí iná yóò fi kú.

Ọdún 2005 ni àwọn olùkọ́ kan ní ìlú Ivrea, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, bẹ̀rẹ̀ Arduino, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lè rí microcontroller lò, tí wọ́n sì fi orúkọ ilé ọtí kan nílùú náà sọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, Arduino Uno R3, kò ní ju kìlóbáìtì 32 tí a lè kọ iṣẹ́ sí, ó sì ń ka iná láti òdo títí dé volt 5 gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣẹ́ gidi. Ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí ọ̀nà Accra ti gba Anloga Junction kọjá lọ sí Yunifásítì KNUST, ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kò kúrò lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ibùdó bíi Kumasi Hive tí wọ́n ti lè fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ náà kò ní àléébù. Àléébù wà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ di àṣekágbá, tó tún fún un lórúkọ ìdáǹdè ilẹ̀ Áfíríkà.

Ike ìdalẹ̀nù tó ń ṣí ara rẹ̀ ni olórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ síwájú àwọn adájọ́ níbi àfihàn. Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, èyí tó ní ojú rogodo méjì bí òwìwí: ọ̀kan ń pariwo tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́, nítorí pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì sì ń dẹtí sí gbohùngbohùn rẹ̀. Microcontroller yóò wo iye àkókò tí ìró náà fi lọ tó fi bọ̀, yóò pín in sí méjì, yóò sì mọ bí ohun tó wà níwájú ṣe jìnnà tó, láti sẹ̀ǹtímítà 2 títí dé nǹkan bíi mítà 4. Bí ọwọ́ bá ti súnmọ́ ọn, mọ́tò kékeré á fa ìdérí sókè, àwọn adájọ́ á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa ní àdúgbò Oforikrom yóò rí ilé oúnjẹ tó ń ṣílẹ̀kùn fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nígbà tí àlejò pàtàkì tó wé aṣọ tó nípọn, tó sì rọ̀, lè dúró síwájú rẹ̀ kí ó má rí ìdáhùn, nítorí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń mu ìró. Ike tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó ṣí ti wà lọ́jà tipẹ́, kò sì béèrè bátìrì. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó béèrè ta ni yóò kó ìdọ̀tí náà dànù nígbà tó bá kún.

Ẹ̀rọ tó ń bomi rin ọgbà ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni òwe àwọn àgbà ti ṣẹ mọ́ wọn lára jù. Sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tì bọ ilẹ̀ ní eyín méjì tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí iná ń ti ara ọ̀kan gba inú ilẹ̀ lọ sí èkejì: bí ilẹ̀ bá tutù, iná á kọjá wẹ́rẹ́, bí ó bá gbẹ, ọ̀nà á há mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi iná sílẹ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Iná tó ń la omi ilẹ̀ kọjá láìdáwọ́ dúró kì í ṣàìjẹ irin, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eyín kan á ti jẹ, iná kò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́, ẹ̀rọ á sì búra pé ilẹ̀ gbẹ táútáú níbi tí omi ti ń mu ẹsẹ̀, yóò sì tún pàṣẹ pé kí omi máa bọ̀. Ojú ti ṣepin, òun náà ló ṣì ń ṣe olórí. Oògùn rẹ̀ kò le: kí iná máa dé ara sẹ́ńsọ̀ ní kìkì ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kà á, tàbí kí wọ́n ra irú èyí tí wọ́n fi ọ̀dà bo irin rẹ̀ kó má baà kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni àfihàn, ojú tí yóò bá ni gba ìwé-ẹ̀rí kò sì nílò ju agogo méjì ọ̀sán lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣòro tó nílò ojú kò jìnnà sí Anloga. Tipẹ́ ni orúkọ àdúgbò yìí ti so mọ́ pákó àti káfíńtà, kó tó di pé ìjọba kó àwọn oníṣòwò náà lọ sí Sokoban Wood Village kí ọ̀nà tuntun lè rí ibi gbà. Odum, tí Yorùbá ń pè ní ìrókò, wawa, tí í ṣe arère, àti ofram, tí í ṣe afárá, ni wọ́n ń rẹ́, tí wọ́n ń tò, tí wọ́n sì ń tà. Pákó tí kò gbẹ tó, tí wọ́n bá fi kan ilẹ̀kùn, yóò súnkì lẹ́yìn tí olówó ti gbé e lọ sílé, oríkèé rẹ̀ á tú, ẹjọ́ á sì dé. Káfíńtà ń fi ìka kàn án, ó ń gbé e wò bóyá ó fúyẹ́, ó sì ń méfò. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin pákó wà láyé, iná náà ló sì ń rán gba àárín ìṣó méjì, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti le: ìdènà tí pákó ń ṣe fún iná lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 1 ohm nígbà tó tutù, kó sì kọjá mílíọ̀nù 1,000 nígbà tó gbẹ dáadáa, èyí tí Arduino kò lè dá nìkan kà, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tó tọ́ fún ìrókò kì í tọ́ fún arère.

Kumasi kò ṣàìmọ bí a ṣe ń tọ oníṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ní 1972 ni yunifásítì náà dá Technology Consultancy Centre sílẹ̀, ní 1980 sì ni wọ́n gbé ẹ̀ka kan kalẹ̀ láàárín àwọn mẹ́káníìkì àti ajórin ní Suame Magazine, kí ìmọ̀ ẹ̀rọ lè dé ọwọ́ àwọn tí yóò fi jẹun. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀dù ṣeré lónìí lè wọn ọ̀rinrin pákó fún káfíńtà láìdúró de ẹ̀rọ olówó gọbọi. Sẹ́ńsọ̀ ìwọ̀n àti ṣíìpù HX711, tó ń sọ ìwúwo di nọ́ńbà, wà lára ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè lò. Kó wọn ègé pákó kan, kó fi í sínú ààrò tó gbóná tó 103 lórí ìdíwọ̀n Celsius títí tí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, kó tún un wọ̀n; bí gíráàmù 130 bá di 100, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo pákó gbígbẹ ni omi tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà lè gba odindi ọjọ́ kan, kò ní sí ìdérí tí yóò fò sókè, kò ní sí iná pupa tí yóò máa ṣẹ́jú, àwọn adájọ́ yóò sì ti kọjá lọ sí tábìlì kejì. Káfíńtà nìkan ni yóò dúró, yóò yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún sósì, yóò sì béèrè pé èló ni wọ́n ń tà á.