Kíréètì Míńrà Ọdún 2000

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá gbọ́ o. Ìjà bàbá Risi àti bọ̀dá onítẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá yẹn, ṣé ẹ rò pé orí owó ni? Orí kíréètì míńrà kan ni! Míńrà tí wọ́n ti fi ta tẹ́tẹ́ láti ọdún 2000.

Ọjọ́ Sátidé ni, 30 oṣù kẹsàn-án, Sátidé ìmọ́tótó. Bí wọ́n ṣe kó gọ́tà tán ní Òkokomaikó làwọn ọkùnrin ti rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bọ̀dá yìí lọ wo Òlíḿpíìkì Sydney. Tẹlifíṣọ̀n bíi méje ló tò síta. Michael Johnson ará Amẹ́ríkà kan náà o, ó pupa nínú ọ̀kan, ó dà bí ewédú nínú ìkejì. Ọjọ́ yẹn náà ni Kamẹrúùnù gba wúrà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Sípéènì, Kamẹrúùnù kan náà tó wá gba ife Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Súrùlérè lóṣù kejì. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, inú á tún máa bí mi.

Ríléè irinwó mítà ló kàn. Bàbá Risi ní wúrà ni ti Nàìjíríà. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín! Ta ni yóò lé Johnson bá? Àmọ́ Sunday Bada ni bàbá Risi gbójú lé. Ọmọ yẹn ti gba fàdákà nínú ìdíje abẹ́ òrùlé ti gbogbo ayé ní 1993, ó tún gba fàdákà ní 1995, nígbà tó di 1997 ní Paris, ó gba wúrà. Ó ti pé ọdún 31 ní Sydney, òun ni àgbà láàárín Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong.

Udo-Obong ló sáré ìkẹyìn. Ẹ̀yìn ló wà o! Ó sáré kọjá àwọn èèyàn, ó gba ipò kejì mọ́ Jàmáíkà lọ́wọ́: 2:58.68 sí 2:58.78. Amẹ́ríkà ti délé ní 2:56.35. Fàdákà ni. Bàbá Risi ra míńrà, wọ́n mu ún tán lójú rẹ̀, bọ̀dá tún gùfẹ̀.

Ó wá di 2008. Antonio Pettigrew tó sáré ìkejì fún Amẹ́ríkà dúró ní kóòtù, ó jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn agbára. (Alvin àti Calvin Harrison tí wọ́n jọ sá a, ìbejì ni wọ́n, àwọn náà ti kó sí ọ̀rọ̀ oògùn ní tiwọn. Èmi tí mo fẹ́ràn ìbejì tó yìí!) Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Kí wọ́n wá gbé e fún wa, ó dìjà! Oṣù keje ọdún 2012 ni. Pettigrew fúnra rẹ̀ ti kú ní 2010. Bada kú ní Èkó ní oṣù Kejìlá 2011, ẹni ọdún 42. Oṣù méje péré ló kù kó di ẹni tó ní wúrà Òlíḿpíìkì. Ọ̀rọ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé àwọn ọ̀gá Òlíḿpíìkì wọ̀nyẹn kò ní aago lọ́wọ́ ni?

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wúrà náà fún wa ni bàbá Risi ti ń lọ sí Àlàbá. Ó ní òun ló jẹ tẹ́tẹ́, kí wọ́n dá míńrà òun padà, kí wọ́n sì san tiwọn lé e. Bọ̀dá ní kó lọ sin Amẹ́ríkà, àwọn ló tan òun. Bàbá Risi ní, "Bada ò rí tiẹ̀ gbà, èmi ó rí tèmi gbà!" Lánàá ni bọ̀dá wá gbà láti san án, àmọ́ iye tí wọ́n ń ta kíréètì ní 2000 ló fẹ́ san. Ìyẹn ò ra ìgò kan lónìí!

Ariwo tí ẹ gbọ́ lóru ńkọ́? Ìyá Risi ni. Ó ní owó ṣọ́ọ̀bù òun ni ọkọ òun jí fi ra míńrà ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá san án, òun ló ni ín.