Ẹ Má Fún Mi Nímọ̀ràn Mọ́ o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bú sẹ́kún. Gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé ló ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, àfi iṣẹ́ tíṣà nìkan ni gbogbo ayé mọ̀ ju ẹni tó ń ṣe é lọ. Ta ló ń kọ́ télọ̀ bó ṣe máa gba abẹ́rẹ́ mú? Ta ló ń kọ́ awakọ̀ dáńfó bó ṣe máa yí kọ́nà? Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á já a sílẹ̀ lágbedeméjì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà ti la ẹnu pé tíṣà ni mí, ó tán! Ẹni tó ń gẹ irun mi á dá abẹ dúró, á ní òun ní ìmọ̀ràn.

Ẹ má rò pé àwọn tí kò kàwé ni mò ń bá wí o. Àwọn tó kàwé gan-an ló pa mí. Wọ́n pè wá sí sẹ̀mínà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wa lọ́gbọ́n tuntun. Wọ́n kó wa sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ọ̀gbẹ́ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ kóòtù, ó ní olùkọ́ gidi kì í ṣàwáwí, pé bí kò bá sí ohun èlò, kí olùkọ́ fi ìdérí ìgò kọ́ ọmọ níṣirò, kó fi páálí ṣe aago. A pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ sí i, iná lọ. Àwòrán tó ń hàn lára ògiri pòórá. Ọ̀gbẹ́ni wo ògiri, ó wò wá, ó ní ká fara balẹ̀ kí wọ́n lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ìdérí ìgò dà? Páálí dà? Inú mi ni mo ti béèrè o, nítorí mítìpáì ò tíì kàn wá, mi ò sì fẹ́ kí tèmi sọnù.

Lára ohun tó kọ́ wa ni pé bí a bá bi ọmọ ní ìbéèrè, ká dákẹ́ díẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Budd Rowe, ló rí i nínú ìwádìí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kí wọ́n tó pe ọmọ mìíràn tàbí kí wọ́n dá ara wọn lóhùn, pé bí wọ́n bá lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3 péré, ìdáhùn á gùn sí i, àwọn tí kì í lanu á lanu. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò jiyàn. Mo dé kíláàsì, mo ní, "Kí ló ń mú kí omi inú àmù tutù?" (Omi ló ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára àmù, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, tó sì ń bá ooru lọ. Ẹ̀yin náà ẹ tètè mọ̀ ọ́n.) Mo dákẹ́. Mo tẹjú mọ́ wọn. Kíláàsì tó ti ń pariwo láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé náà pa lọ́lọ́! Ọmọ kan níwájú ní, "Sà, ṣé kò rẹ̀ yín?" Òmíràn bú sẹ́kún. Ẹnì kan ti sáré jáde lọ pe àǹtí kíláàsì karùn-ún, àǹtí ti wọlé tòun ti omi nínú kọ́ọ̀pù, ó gbá mi lórí mú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo kíláàsì ń ṣe àmín, ẹni tó ń kiri ẹ̀wà lóde náà ń ṣe àmín lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru kọ lu tíṣà.

Ọ̀gbẹ́ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ tún ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dá ronú, kó wá bá ẹnìkejì rẹ̀ jíròrò, kí wọ́n tó sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Frank Lyman, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ló mú un jáde ní 1981. Mo kí Ọ̀gbẹ́ni Lyman, ṣùgbọ́n kó wá wo bẹ́ǹṣì wa! Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní olùkọ́ kan fún ọmọ 35 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ka tèmi dé 35, ẹ ò tíì kọjá ojú fèrèsé. Ọmọ márùn-ún ló wà lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n á pín ní méjì-méjì, ọ̀kan á ṣẹ́ kù, ìyẹn á figbe ta pé wọn ò bá òun sọ̀rọ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní kí n máa rìn láàárín wọn. Ibo ni kí n gbà? Ṣé kí n gba orí wọn ni?

Ìyẹn kéré. Ó ní ká mọ orúkọ gbogbo ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní. Háà! Èmi tó jẹ́ pé Igbó-Ọrà ni mo ti ń kọ́ni! Ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ìbejì! Àwọn kan ní iṣu ló fà á, àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa ni, ìyẹn ò kàn mí. Èyí tó kàn mí ni pé bí mo bá pe Táyé, ìlà kan ló ń dìde. Bí mo bá pe Kẹ́hìndé wá síwájú pátákó, Táyé ló máa wá torí òun ló mọ ìṣirò, Kẹ́hìndé náà á sì san án padà fún un tó bá di Gẹ̀ẹ́sì, ìparí ọdún á dé, máàkì wọn á dọ́gba. Ìyá wọn wá kí mi kú iṣẹ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni Táyé nínú wọn?" Ó wò wọ́n títí, ó ní kí n bi àwọn fúnra wọn.

Wọ́n ní ká máa yin akitiyan ọmọ. Mo yin ọ̀kan pé, "O gbìyànjú gan-an!" Ó délé, ó jíṣẹ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí bàbá rẹ̀ fi dé: "Tíṣà, ẹ sọ ọ́ fún mi tààrà, iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ti fìdí rẹmi?"

Ìjọba ńkọ́? Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, àwọn ọmọ náà sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin yọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa lo èdè abínibí. Inú mi dùn dé eegun! Mo fi owó àpò mi ra káádíbọọ̀dù, mo kọ "ìyọkúrò," mo kọ "onígun mẹ́ta," mo fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri. 2025 dé, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ti fagi lé e, ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń já káádíbọọ̀dù, ọ̀dà ògiri ń bá a wá, wọ́n tún ní kí n san owó ọ̀dà!

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, orí mi ló ń bọ́ lé. Ọmọ mi tó wà ní girama kà á pé ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, fi aago ìdáná tó rí bíi tòmátò kàwé: ìṣẹ́jú 25 ìwé, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ní kó wá fọ abọ́, àárín ìṣẹ́jú 25 ló wà. Bí mo bá dúró kó pé, á ní ìsinmi ló kàn, òfin ni. Tòmátò tèmi, ìgbà wo ni yóò dún?

Ẹni tó ń bá mi lẹ táyà ló fún mi ní èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ń pariwo, kí n má bá wọn pariwo, kí n rẹ ohùn sílẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó táyà. Nígbà tí ọ̀fun mi gbẹ tán, mo dán an wò. Ẹ gbà mí, ó ṣiṣẹ́! Wọ́n na ọrùn síwájú, ọ̀kan ń pa èkejì lẹ́nu mọ́, mò ń ṣàlàyé ìdá mẹ́ta, wọ́n ń mi orí. Ni ọ̀gá àgbà bá já wọlé. Ó ní òun ń gbọ́ ariwo gbogbo kíláàsì àfi tèmi, ó ti dá òun lójú pé mo ti lọ sọ́jà, òun sì ti kọ kúẹ́rì mi, ó ti ní nọ́ńbà, kò ṣeé fà ya mọ́, kí n fèsì kó tó di aago méjì.